Ẹni Tó Gbẹ́ Òjò

Ní Steveston, níbi tí odò Fraser ti ń já sí òkun,
òjò kì í rọ̀ tán; wínníwínní ni,
bí àlejò tó ti dágbére tí kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.
Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń wọlé Màmá Kuramoto.
Màá bọ́ bàtà, màá gbé omi kaná,
màá yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, màá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́.

Àwòrán kan wà lókè tẹlifíṣọ̀n rẹ̀:
afárá, àwọn mẹ́ta tó fi ẹní borí,
òjò tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
Mo ní, "Màmá, ta ló ya èyí?"
Ó dá orúkọ kan, ó sì ju ọwọ́ nù.
"Ìyẹn ló yà á. Òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ.
Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ òjò yẹn."

Gbẹ́ òjò! Ẹ̀rín pa mí.
Nílé wa, igi là ń gbẹ́; bí a bá gbẹ́ ẹ tán,
igi náà fúnra rẹ̀ a di ènìyàn, a dúró, a máa wò wá.
Ó ní tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀.
Wọ́n á lẹ àwòrán mọ́ pátákó ní ìdojúdé,
òsì á di ọ̀tún,
ọ̀bẹ á wá máa jẹ gbogbo ohun tí kì í ṣe òjò,
eérún igi á kún itan,
títí yóò fi ku ìlà kan, ìlà kan,
tí kò nípọn tó òwú aláǹtakùn.
Bí ọwọ́ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, òjò ti ṣẹ́ nìyẹn,
iṣẹ́ oṣù kan ti wọmi.

Atẹ̀wé á gbà á níbẹ̀.
Pátákó kan fún dúdú, ọ̀kan fún aró,
odidi ọ̀kan fún pupa tó wà ní ètè obìnrin ìkẹyìn nìkan.
Á fi ewé ọparun wé òṣùká pẹlẹbẹ kan, á máa fi ra ẹ̀yìn bébà
bí ìyá ṣe ń ra ikùn ọmọ tí inú ń run.
Àmì kékeré kan wà ní igun pátákó kọ̀ọ̀kan;
ibẹ̀ ni bébà ń fi etí sí
kí àwọ̀ kan má baà ṣi ilé wọ̀.

Mo bi í pé àwọn pátákó náà dà.
Ó dákẹ́. Kẹ́tùlù hó, mo pa á.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìjọba kó wọn,
wọ́n gba ọkọ̀ ìpẹja bàbá rẹ̀, wọ́n gba ilé,
wọ́n kó wọn lọ sẹ́yìn òkè, sínú ahéré pákó,
yìnyín ń bá wọn sùn lórí ibùsùn.
Ní oṣù kejì, igi ìdáná tán.
Ìyá rẹ̀ tú àpótí.
Dúdú ló kọ́kọ́ fi dáná. Aró tẹ̀ lé e.
"Ó jó dáadáa," ni màmá wí. "Igi ṣẹ́rì.
Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán."
Ó ní kí n fi ṣúgà sí tíì òun.

Nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́, òjò ń kọlà sí ojú gíláàsì.
Mo rántí àbàjà bàbá mi,
mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ó dọ́gba gẹ́lẹ́.
Ní Ìgbẹ̀tì, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Ojú yìí, ọmọ ta ni?"
Kò sẹ́ni tó bèèrè olóólà rí.
Ilà jinná, ó di oge;
ọwọ́ tó kọ ọ́ di erùpẹ̀ níbi tí n kò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bèèrè orúkọ bàbá àgbà.
Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, mo ń pè é tẹ̀ lé e.
Nínú ìwé iṣẹ́, lábẹ́ ìfúnpá, lábẹ́ oúnjẹ tó jẹ,
mo kọ ọ́: Isogai Yasuzō, agbẹ́gi.
Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án.
"Ta ni Isogai? Ṣé oògùn tuntun ni?"
Mo wo ojú fèrèsé kí n tó dá a lóhùn.